Ẹsẹ̀ Tó Fẹ̀ Ló Ń Rin Orí Òjò Dídì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, ilẹ̀ Kánádà ni mo ti rí i pé òwe yìí kò mọ sórí ìwà ọmọ ènìyàn nìkan. Ó kan ẹ̀rọ pẹ̀lú.

Apá àríwá Ontario, níbi tí adágún omi pọ̀ sí lọ́tùn-ún lósì, ni ọmọ mi ọkùnrin ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Àwọn arúgbó tí ilé wọn wà ní òdìkejì adágún ló ń tọ́jú, kò sì sí ọ̀nà tí mọ́tò lásán lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà òtútù. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ra ọkọ̀ tí ń rin ilẹ̀ tí ó sì ń rin omi, onítáyà mẹ́jọ, irú èyí tí Argo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Ontario lọ́dún 1967. Abẹ́ rẹ̀ rí bí abẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń léfòó. Ṣùgbọ́n táyà nìkan kò tó nínú òjò dídì tí ń mu ènìyàn dé itan. A ní láti fi bẹ́líìtì gbọọrọ yí àwọn táyà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan po. Ẹsẹ̀ katapílà ni èmi ń pè é, nítorí gbogbo wa la mọ katapílà tí ń la ọ̀nà.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ló gba ilé kan. Ọmọ mi fẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí eyín rẹ̀ ga, nítorí ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ní èyí tó fẹ̀ ni òun fẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bi wọ́n, bí ọkọ̀ bá rì sáàárín adágún, ta ni yóò fà mí jáde?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ní Valcourt, ní Quebec, lọ́dún 1934, òjò dídì dí ọ̀nà mọ́ Joseph-Armand Bombardier. Yvon ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, kú nítorí wọn kò rí ọ̀nà gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní 1937 ni ó gba ẹ̀tọ́ lórí ètò kẹ̀kẹ́ eléyín àti bẹ́líìtì tí ó fi ń gbé ọkọ̀ gba orí òjò dídì.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ìṣirò ni mo fi dá sí i. Ká ní ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ wọn 900 kìlógíráàmù, kí ẹsẹ̀ katapílà kọ̀ọ̀kan sì fi gígùn 200 sẹ̀ǹtímítà tẹ ilẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, gíráàmù 75 ni yóò máa tẹ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fẹ̀ ní 45, ó di gíráàmù 50. Ẹni tó wọn 80 kìlógíráàmù, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gba 400 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, gíráàmù 200 ló fi ń tẹ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi ń rì níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń kọjá.

Eyín gíga kò burú bí òjò dídì bá ti kì. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú: mítà onígun mẹ́ta rẹ̀ lè wọn 50 sí 100 kìlógíráàmù, nígbà tí ti omi jẹ́ 1,000. Eyín kò rí nǹkan gidi bù jẹ níbẹ̀. Bí awakọ̀ bá fagbára tẹ̀ ẹ́, gbígbẹ́ ni yóò máa gbẹ́ ilẹ̀, títí ikùn ọkọ̀ yóò fi jókòó.

Adágún náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Òjò dídì tó nípọn a máa bo omi dídì bí kúbùsù, kì í jẹ́ kó nípọn bó ti yẹ. Ìwúwo rẹ̀ a tún máa tẹ omi dídì náà mọ́lẹ̀, omi a sì ru sókè sábẹ́ òjò dídì láìhàn sójú. Bí ọkọ̀ bá wọ inú rẹ̀, tí ó sì sùn mọ́jú láìjẹ́ pé a ha ẹsẹ̀ rẹ̀, omi á dì sáàárín táyà àti bẹ́líìtì. Nítorí náà, bẹ́líìtì tó ní àlàfo tí òjò dídì lè gbà jábọ́ ló dára. Bí omi dídì bá sì fọ́, ọkọ̀ á léfòó, ṣùgbọ́n eyín ni yóò fi gun etí rẹ̀ padà. Ẹ wá rí i pé eyín níwọ̀nba ṣì wúlò.

Ìfẹ̀ pàápàá ní owó orí tirẹ̀. Ó ń dá kún ìwúwo, ó sì ń jẹ epo. Ìdádúró ẹ̀gbẹ́ kan la fi ń yí ọkọ̀ yìí; bí a bá yí i lójijì nínú òjò dídì, bẹ́líìtì lè yọ. A ní láti yí i fẹ̀ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú àwọn táyà sì dọ́gba.

Ọmọ mi gbọ́ ìṣirò náà, ó sanwó èyí tó fẹ̀, tí eyín rẹ̀ wà níwọ̀nba. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà nílẹ̀ òtútù, kí ẹ tó béèrè agbára ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí yóò ṣe rọra tẹ ilẹ̀ tó. Ẹni tí ń retí oògùn ní òdìkejì omi kò bìkítà bí ọkọ̀ ṣe ń ké ramúramù. Kí ó ṣáà dé ni tirẹ̀. Ire o.