Ojú Tó Ń Wọ Inú Egungun

Yorùbá ka eyín sí púpọ̀. Bí a bá ń yin ẹlẹ́wà, a kì í gbàgbé eyín rẹ̀, pàápàá bí ó bá ní èjí. Ẹni tí Elédùmarè kò fún ní èjí a sì máa wá ẹni tí yóò pa á fún un: oníṣẹ́ ọwọ́ yóò fi irin rẹ́ eyín iwájú méjèèjì títí àlàfo yóò fi yọ láàrin wọn. Iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ní ti ìtọ́jú ojoojúmọ́, orín ni a ń lò, orín àtà sì ni ọba wọn. (Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe ìwádìí gbòǹgbò igi yìí nítorí àrùn foníkú-fọ̀ladìde. Ìtàn yẹn tó àròkọ ọ̀tọ̀.) Ṣùgbọ́n bí akokoro bá ti jẹ eyín dé gbòǹgbò, orín kò rí nǹkan ṣe sí i mọ́. Yíyọ ló kù, ẹni tí ó sì ń yọ eyín, inú òkùnkùn ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Oǹdó tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé. Ní 1991, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n yọ eyín ìkẹyìn kan fún un ní ìsàlẹ̀ apá òsì, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ọgbẹ́ náà jinná dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdajì ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ kú. Kì í ṣe pé ó wọ́. Kò kàn mọ nǹkan lára mọ́ ni. Bí ó bá ń mu ògì, ògì a máa ṣàn lọ sí àgbọ̀n rẹ̀, kò sì ní mọ̀. Obìnrin tí kì í wọ́n níbi ìnáwó dẹ́kun jíjẹun lójú èèyàn. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: ihò tóóró kan wà nínú egungun párì ìsàlẹ̀, tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá lọ sí ètè àti àgbọ̀n. Gbòǹgbò eyín ìkẹyìn a máa sún mọ́ ihò yìí gan-an, nígbà mìíràn wọ́n a tilẹ̀ fara kan ara wọn. Ojú dókítà kò wọ inú egungun, ọwọ́ rẹ̀ sì ti débẹ̀.

Láti ìgbà tí Röntgen ti rí ìtànṣán X ní Jámánì ní 1895 ni a ti ń rí egungun láì fi ọ̀bẹ kàn án. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé tí ń yàwòrán rẹ̀ yípo, tí kọ̀ǹpútà sì ń tò ó pọ̀ títí a ó fi mọ bí iṣan náà ti jìn sí gbòǹgbò tó. Síbẹ̀ ìṣòro kan kù. Ara ògiri tàbí ojú kọ̀ǹpútà ni àwòrán wà, orí àga ni aláìsàn wà. Dókítà ní láti wo ọ̀hún, kí ó gbé e sórí, kí ó wá yíjú padà sínú ẹnu tí ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ kún.

Ibi tí ọgbọ́n tuntun ti wọlé nìyí. Kì í ṣe nílé ìwòsàn ló ti bẹ̀rẹ̀: ní 1992, Thomas Caudell àti David Mizell ti ilé-iṣẹ́ Boeing kọ̀wé lórí bí awò kan ṣe lè máa fi àwòrán han òṣìṣẹ́ lórí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ wà gan-an, kí ó má baà máa sá lọ wo ìwé ìlànà. Àwọn oníṣègùn gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Tokyo gbé ìlànà kan jáde tí kò tilẹ̀ nílò awò lójú: dígí kan tí ó ń fi ẹ̀yìn hàn, tí ó sì tún ń dá àwòrán padà, ni wọ́n gbé sí àárín dókítà àti aláìsàn, àwòrán gbòǹgbò àti iṣan sì bọ́ sórí ẹnu aláìsàn bí ẹni pé egungun ti di omi tó mọ́. Bí a ṣe ń mú kí àwòrán bọ́ sí ààyè rẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Eyín fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àmì. Ẹran ara ń sún, awọ ń wú, ṣùgbọ́n eyín kì í yẹ̀ nínú egungun. Kámẹ́rà mọ ìlà eyín, ó sì ń tẹ̀ lé e bí orí bá mì. Àṣìṣe wọn kò tó mílímítà kan.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, augmented reality, ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín kan ní yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó ní 2015 gbé tọ̀ mí wá pé kí n fún òun ní Yorùbá rẹ̀. Mo ṣí Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, mo pa á dé: ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìyẹn dá lé. A kò lè pè é ní òtítọ́ àfikún, nítorí òtítọ́ kì í gba àfikún lédè wa. Bí a bá bu nǹkan sí i, ó ti di irọ́. Mo dábàá ìran àfikún. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, bí mo bá ní mo fẹ́ fi ìran yọ eyín, wọn yóò ní mo ti di wòlíì.” Òótọ́ ló sọ. Ní agbègbè tí ilé aláṣọ funfun pọ̀ tó báyìí, aríran kò jẹ́ nǹkan mìíràn. A wá fẹnu kò sórí àwòrán àgbélé: àwòrán tí a gbé lé ara kí a lè rí inú. Kò dá mi lójú pé yóò pẹ́ láyé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń polówó ẹ̀rọ. Microsoft gbé awò HoloLens jáde ní 2016, àwọn oníṣègùn púpọ̀ sì fi ṣe ìwádìí. Ní 2024 ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun kò ní ṣe é mọ́. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sínú irú awò bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣe bí ó bá fọ́? Iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ láàrin Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò sì ní dúró de ẹni tí irin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, kí a kọ́kọ́ rí i pé kò sí ẹni tí a óò yọ eyín ìkẹyìn fún láì ya àwòrán párì rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ohun tuntun rárá. Dókítà tí kò mọ ọ̀nà iṣan náà lórí, mílímítà kan tí ẹ̀rọ bá fi ṣìnà tó láti ba ètè jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí ó kàn mí ju ẹ̀rọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìyọ̀ǹda tí mo rí tí wọ́n ń gbé fún aláìsàn láti fọwọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀ mí kí n yí i sí Yorùbá, ibi ọ̀rọ̀ ètè ni ó sì ti há. Bí mo bá kọ ọ́ pé ètè lè kú, aláìsàn yóò dìde lọ. Bí mo bá ní yóò sùn, yóò rò pé dandan ni kí ó jí. Nígbẹ̀yìn mo kọ ọ́ pé: “Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ kò ní mọ̀ bí omi bá kan ètè yín, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí títí láé.” Mo gbé e lọ sí Oǹdó, mo kà á fún Ìyé, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yọ omi kúrò níbẹ̀, kí n fi ògì sí i.