Ohun Tí Ọmọ Mi Fi Gó-Kàátì Kọ́ Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ sísá ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni ó padà já sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2022, mo ń bọ̀ láti Adó, mo ti wọ Ìkẹ́rẹ́, mo sì ti yà sí àdúgbò wa. Bí mo ti ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ilé wa lọ, mo gbọ́ ariwo irin lórí ọ̀dà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pákó kan tí wọ́n de bẹ́árìn mẹ́rin mọ́ nídìí já wá síwájú ọkọ̀ mi, ọmọkùnrin kan sì jókòó lé e lórí. Mo tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọmọ náà já sínú gọ́tà. Nígbà tí mo sáré sọ̀kalẹ̀ tí mo fà á jáde, àbígbẹ̀yìn tèmi ni! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ara rẹ̀ bó ní ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún, ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí ó ti ń sọ fún wa pé lẹ́sìn ni òun ń lọ ní gbogbo Sátidé. Mo wọlé, mo gbé àáké, mo ní n ó la pákó náà sí wẹ́wẹ́. Ìyàwó mi dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àáké yẹn sílẹ̀. Ṣé ẹ ti gbàgbé àpá tó wà lápá yín ni?”

Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ní ọdún 1979, ní Èmùré, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, èmi náà kan irú pákó bẹ́ẹ̀. Mo fi sáré sọ̀kalẹ̀ òkè, mo sì fi dá apá. Nígbà tí apá náà jinná, bàbá mi nà mí bí ẹni máa kú. Wọn kò bi mí léèrè rí bí mo ti ṣe é, tàbí ohun tí mo ń wá nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí tí wọ́n fi lọ sinmi, n kò tún sọ ohun kan tó wà ní ọkàn mi fún wọn mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ti sé láàárín wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ọmọ mi, mo ní kó jókòó. Mo ní, “Kí ni o ń wá nínú nǹkan yìí?” Ó wojú ìyá rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó mú ìwé kan jáde tí ó kún fún àwòrán. Ó ní, “Dádì, gó-kàátì ni mo fẹ́ ṣe. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ, ẹ máa ní rárá.”

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, gó-kàátì ni ọkọ̀ kékeré tí kò ní òrùlé, tí ìjókòó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Art Ingels, ni ó ṣe èyí àkọ́kọ́ ní California ní ọdún 1956, ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ni ó sì fi wà á. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá eré ọkọ̀ ńláńlá ti bẹ̀rẹ̀. Lewis Hamilton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìdíje gó-kàátì ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀, tí ìdílé wọn wá láti erékùṣù Grenada, ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ kí owó eré náà lè pé. Ọmọ náà di aṣíwájú àgbáyé ní ọdún 2008, ó sì gba ipò náà lẹ́ẹ̀meje. Ugo Ugochukwu, tí ìyá rẹ̀ Oluchi Onweagba jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Èkó, gba ìdíje gó-kàátì àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2020, ó sì gba ìdíje ńlá Macau ní ọdún 2024.

Èmi kò ní owó Hamilton, ṣùgbọ́n mo mọ wẹ́dà kan ní Ìsẹ̀. A ra ògbólógbòó ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ tí ń fa omi, a wá páìpù irin, ṣéènì ọ̀kadà àti táyà kéékèèké. Ohun tí a kọ́kọ́ rà ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni akoto tó bá orí ọmọ náà mu, nítorí gó-kàátì kì í sábà ní bẹ́líìtì ìjókòó.

Ọmọ mi ya àwòrán irin ìdí ọkọ̀ náà fún wẹ́dà. Èmi wò ó, mo ní irin náà kéré jù, pé ọmọ mi kò gbọdọ̀ jókòó lórí ohun tí kò lágbára. Mo ní kí wẹ́dà fi irin mẹ́ta dábùú rẹ̀. Ọmọ náà ní, “Dádì, tó bá le jù, kò ní yà.” Mo ní kó pa ẹnu mọ́.

Ẹnì kan nínú ìjọ wa yọ̀ǹda ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ńlá kan fún wa, níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó tẹ́lẹ̀. A fi ògbólógbòó táyà yí i ká. Ọkọ̀ náà gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó dé kọ́nà, ó kọ̀, kò yà. Ọmọ mi yí sitiárìn tán, síbẹ̀ tààrà ni ó ń lọ, ó sì lọ forí sọ àwọn táyà. Ọpẹ́lọpẹ́ akoto.

Ìgbà náà ni ó ṣàlàyé fún mi. Irin kan ṣoṣo ni ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, nítorí náà bákan náà ni wọ́n ń yí. Ṣùgbọ́n nínú kọ́nà, táyà tó wà lóde ní láti rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ. Nítorí náà, táyà inú gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bí irin ìdí ọkọ̀ bá le gan-an tí kò lè tẹ̀ rárá, kò ní gbé e, ọkọ̀ kò sì ní fẹ́ yà. A gé méjì kúrò nínú irin mẹ́ta tí mo fi kún un. Ọkọ̀ náà yà wẹ́rẹ́.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi níbẹ̀, níwájú wẹ́dà. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

A gbé òfin kalẹ̀, èmi àti òun ni a sì jọ kọ ọ́. Kò sí ojú títì mọ́ láéláé. A ó yẹ búréèkì wò kí a tó tan ẹ́ńjìnì. A kò ní da epo sí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, aṣọ tó fún mọ́ra. Èmi ni mo kọ́kọ́ rú òfin náà: mo fi ṣòkòtò sóró gun ọkọ̀ náà, ṣéènì sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lọ! Ọjọ́ náà ni a fi páànù bo ṣéènì. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2023, a jókòó sílẹ̀, a ń fi òróró pa ṣéènì. Láìgbójú sókè, ọmọ mi ní, “Dádì, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè mí pé kí n wá wọ ẹgbẹ́ wọn. Òru ni wọ́n ń pàdé. Ẹ̀rù ń bà mí.” Ọwọ́ mi dúró lórí ṣéènì. N kò pariwo. Mo bi í léèrè, ó sì sọ ohun gbogbo fún mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, a ti gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ, a sì ti mú un kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo máa ń rò ó: ká ní mo la pákó yẹn ní ọjọ́ Sátidé náà, ta ni ọmọ yìí ì bá sọ fún? Èmi kò ní kí gbogbo yín lọ ra gó-kàátì. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù, ó lè jẹ́ dùùrù tàbí aṣọ rírán ni ọmọ tiyín fẹ́ràn. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹ má ṣe mú òfin ilé kúrò, nítorí ọkọ̀ tí kò ní irin nídìí yóò tú ká. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó le débi pé ọmọ yín kò ní lè yà sọ́dọ̀ yín nígbà tó bá dé kọ́nà.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ wọn. Àmín.