Ẹ̀rọ Pe Ìyá Aláta Ní Ajigbèsè, Èmi Ni Mo Rán An Níṣẹ́

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Èmi tí mò ń gbé ìròyìn ẹjọ́ oníẹjọ́ kiri, èmi gan-an ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pè wá rojọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2023.

Màmá mi wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bàbá Akọ̀wé ló ń kọ gbogbo owó wọn sínú ìwé ńlá kan. Bí oṣù bá parí, wọ́n á jókòó tì í láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á ro owó, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un rò. Ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Ni màmá mi bá ní, "Ìwọ tó o máa ń tẹ fóònù tọ̀sán-tòru yìí, ṣé o ò lè bá bàbá ṣe é ni?"

Bí mo ṣe kó orúkọ gbogbo wọn sínú Google Sheets nìyẹn. Ìwé ìṣírò ni, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Bí fóònù mi bá kó sómi, ìṣírò ẹgbẹ́ ò ní bá a lọ. Bàbá Akọ̀wé á kọ owó tó bá wọlé sí i, òun fúnra rẹ̀ á ro ìyókù. Èèyàn sì lè pàṣẹ fún un níbi tí wọ́n ń pè ní Apps Script. Mo ní lọ́jọ́ kìíní oṣù, láàárín aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, kí ó yẹ orúkọ wò. Ẹni tí owó ẹ̀yá rẹ̀ kò bá wọlé, kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọgbọ́n àgbọ́njù tún gùn mí: mo ní kí ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí oníduúró onítọ̀hún.

Oṣù mẹ́rin la fi jẹ̀gbádùn. Kí bàbá tó mu ẹ̀kọ tán, iṣẹ́ ti parí.

Àfi ìgbà tí wàhálà owó tuntun dé. Ẹ̀yin náà ẹ rántí oṣù kejì 2023, tí náírà di ọ̀wọ́n, tí gbogbo ayé sáré lọ sí ìfowóránṣẹ́ orí fóònù. Wọ́n á yọ owó lọ́wọ́ èèyàn, kò sì ní débi tó ń lọ. Ìyá Aláta fi ₦15,000 ránṣẹ́. Owó kúrò níbẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ẹ̀rọ ṣe ohun tí mo rán an: "Ẹ jẹ gbèsè. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ẹ ní." Oníduúró Ìyá Aláta sì rèé, ìyá ọkọ ọmọ wọn ni!

Màmá náà ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo, ìbá sàn. Wọ́n wá sílé wa nírọ̀lẹ́, wọ́n na fóònù sí mi. "Ọmọ mi, ta ló kọ eléyìí?"

Mo ní ẹ̀rọ ni.

"Ẹ̀rọ ló mọ̀ pé àna mi ló yẹ kó gbọ́?"

N kò rí èsì fọ̀. Èmi àti màmá mi la jọ lọ dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀ nílé àna ọ̀hún. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, báńkì dá owó náà padà síbi tó ti wá, Ìyá Aláta sì kà á sórí tábìlì níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ojú tì mí.

Àwọn kan ní ká padà sínú ìwé ńlá. Bàbá Akọ̀wé ló yarí. Wọ́n ní ojú àwọn ni yóò jìyà rẹ̀. Mo bá tún àṣẹ náà kọ. Ẹ̀rọ ṣì ń ro owó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá Akọ̀wé nìkan ló ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí. Bàbá á kọ́kọ́ pe onítọ̀hún, wọ́n á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi àmì sí orúkọ rẹ̀ nìkan ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ bá. Ti oníduúró, mo yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ìpàdé ló ń pinnu ìyẹn.

Bí mo bá ń kọjá nísọ̀ Ìyá Aláta báyìí, wọ́n á ní, "Ẹ̀rọ, ṣé dáadáa lo jí?"