Àlùkerésé Ẹ̀yìn Họ́sítẹ́ẹ̀lì Wa

Àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé yàrá kan la fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ òdòdó kan ni.

Ọdún kẹta rèé tí a ti ń gba ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ sí kíláàsì. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni, ẹ̀gbẹ́ wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà ló gbà. Bí òjò àrọ̀kúrò bá ti ń palẹ̀ mọ́, ìtàkùn kan máa ń bo wáyà yẹn láti òkè délẹ̀, yóò sì tanná. A ti kọjá níbẹ̀ àìmọye ìgbà, a ò bojú wò ó. Lójú tiwa, koríko ni.

Ohun tó jẹ́ kí a wò ó ni pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà. Wọ́n ní kí ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń ya fọ́tò dáadáa mú àwòrán òdòdó wá. Bougainvillea ẹnu géètì ni gbogbo ènìyàn sáré lọ yà. Òdòdó náà lẹ́wà lóòótọ́, òṣìṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tó máa ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ nípa ewéko wá bi wá pé, "Ṣé kò sí ti ilẹ̀ wa tó ní irú àwọ̀ yìí ni?" Ìgbà náà la rántí ìtàkùn ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀sán gangan la kọ́kọ́ lọ. Gbogbo òdòdó ti ká jọ bí aṣọ tí wọ́n fún. Lọ́jọ́ kejì, aago méje kò tíì lù tí a fi débẹ̀. Ìrì ṣì wà lórí ewé. Ewé náà jọ ti ọ̀dùnkún, nítorí ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n irun wẹ́wẹ́ wà lára tirẹ̀. Òdòdó rẹ̀ rí bí àrọ tí wọ́n fi ń da epo sínú ìgò. Ohun kan bí ewé, tó tẹ̀ kòlọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, ló gbé wọn dání. Ìrudi pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń là.

Wàhálà wa ni àwọ̀. Bí a bá yà á, fóònù á sọ ọ́ di aró. Bí oòrùn bá kàn án, á ṣì bí aṣọ tó ti gbó. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wa dúró síwájú oòrùn, tí òjìji rẹ̀ bo òdòdó náà, ni àwọ̀ tí ojú wa ń rí tó hàn. Àríyànjiyàn tún bẹ̀rẹ̀: kí là ń pe àwọ̀ náà? Ẹnìkan ní pupa ni, èkejì ní ó sún mọ́ aró. Ẹni kẹta ló rántí elésè àlùkò inú Bíbélì. Àlùkò, ẹyẹ ni. Kò sì sí ẹni tó rí i rí nínú wa. Òdòdó tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ la fi ń wé ẹyẹ tí a ò rí rí.

Orí ìkúnlẹ̀ la wà nígbà tí bàbá kan dé pẹ̀lú àdá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣán koríko nínú ọgbà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"Òdòdó yìí la ń yà, sà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Àlùkerésé lẹ kúnlẹ̀ fún? Ọdún tó bo ẹ̀gẹ́ mi lóko, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi já a."

A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n mirí. "Àlejò ń bọ̀, wọ́n ní kí n ṣán ibẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́. Ẹ tètè ṣe é, màá ti apá ọ̀hún bẹ̀rẹ̀."

Bí a ṣe ń yà á ni ìró àdá ń sún mọ́ wa. Mọ́kànlá la rí yà. Ẹyọ kan ló dára: oyin kan ti ki orí bọ inú òdòdó, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù níta. Nígbà tí a fi ti kíláàsì àkọ́kọ́ dé, wáyà ti dá gbáú.

Orúkọ tí bàbá pè ni a fi wá a kiri. Ipomoea involucrata P.Beauv. ni àwọn onímọ̀ ń pè é. P.Beauv. yìí ni Palisot de Beauvois, ará Faransé tó wọkọ̀ ojú omi wá sí agbègbè Warri àti Benin ní nǹkan bí ọdún 1786, tó kó ewéko jọ, tó sì kọ ìwé lé wọn lórí. Òun wọkọ̀ òkun wá wo ewéko. Àwa fi sálúbàtà kọjá lára rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

A ò bínú sí bàbá. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹni tó gé e ló mọ orúkọ rẹ̀, àwa tí a ní a fẹ́ràn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ìtàkùn náà yóò tún hù, ọwọ́ àdá kì í tán irú rẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ kì í hù bẹ́ẹ̀. Bí bàbá bá fẹ̀yìn tì kí a tó béèrè, koríko ni a ó máa pè é títí a ó fi gba ìwé ẹ̀rí jáde.

Nítorí náà, bí ẹ bá ya òdòdó kan ládùúgbò yín, ẹ fi han àgbàlagbà kan kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀.

Kàlẹ́ńdà ti jáde. Bougainvillea ló wà níwájú. Àlùkerésé wà ní oṣù kọkànlá, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. A mú ẹyọ kan lọ fún bàbá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ó mà dára o. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹ ò tíì dá oko ẹ̀gẹ́ rí ni."