Adé àti Àdéhùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò ní orí. Bí a bá ń wá ibi tí òwe yìí ti ṣẹ láyé òde òní, kí a má lọ jìnnà. Kí a wo àárín akọrin àti ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbé orin rẹ̀ jáde. Akọrin ni ó ni ohùn. Ilé-iṣẹ́ ni ó ni owó, ẹ̀rọ, àti ọ̀nà tí ohùn náà yóò gbà dé etí aráyé. Bí fìlà bá bá orí mu, ẹwà ni fún tọ̀tún tòsì. Ṣùgbọ́n bí fìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún orí, ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ìtàn Kelly Clarkson, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje orin American Idol ní ọdún 2002, fi èyí hàn kedere. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjà rẹ̀ parí lọ́jọ́ tí ó borí. Ọjọ́ náà gan-an ni ìjà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1982 ni wọ́n bí Kelly ní ìlú Fort Worth, ní ìpínlẹ̀ Texas. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 3. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Ilé tú, ọmọ ìyá sì fọ́nká: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá bàbá lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan, Kelly nìkan ni ó kù sọ́dọ̀ ìyá. Ìlú Burleson, tí kò jìnnà sí Fort Worth, ni ìyá àti ọmọ fìdí kalẹ̀ sí nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé tí ó tú ti í rí lára ọmọdé yóò mọ̀ pé irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná. Ọgbẹ́ yìí ni ó di orin nígbà tí ó yá.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ náà ń dá kọrin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò mọ̀ pé etí kan wà nítòsí. Olùkọ́ tí ó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́ náà gbọ́ ọ. Olùkọ́ mìíràn ìbá bá a wí pé ó ń pariwo, ìbá sì lé e wọ kíláàsì. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pè é, ó ní kí ó wá dán ohùn rẹ̀ wò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìgbà náà ni ó tó gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọmọ náà ní orin rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Etí olùkọ́ kan ni ó kọ́kọ́ dá ohùn yìí mọ̀, ṣáájú adájọ́, ṣáájú tẹlifíṣàn, ṣáájú owó.

Nígbà tí Kelly parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn yunifásítì kan fẹ́ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó kọ̀, orin ni ó fẹ́ ṣe. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó di Los Angeles, ìlú tí ọ̀pọ̀ èwe Amẹ́ríkà ti ń wá òkìkí lọ. Iṣẹ́ kéékèèké ni ó rí ṣe níbẹ̀. Nígbà tí iná tún jó ilé tí ó ń gbé, ó padà sí Burleson lọ́wọ́ òfo. Ibẹ̀ ni ó wà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gbà á níyànjú pé kí ó lọ sí Dallas, níbi tí wọn yóò ti yẹ àwọn akọrin wò fún ìdíje tuntun kan lórí tẹlifíṣàn. Ẹ̀wù tí ó wọ̀ lọ síwájú àwọn adájọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ṣòkòtò jíǹsì gé e. Kí a má gbàgbé ẹ̀wù yìí, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Àwọn tí ó jáde fún ìdíje náà lé ní 10,000. Àwọn adájọ́ 3 ń sọ èrò wọn, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ni ó ń fi tẹlifóònù dìbò. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ó ku Kelly àti Justin Guarini. Nínú ìbò 100, Kelly ní 58. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni àdéhùn mílíọ̀nù kan dọ́là pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ RCA. Adé bọ́ sí i lórí, àdéhùn bọ́ sí i lọ́wọ́. Adé ni gbogbo ayé rí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àdéhùn ni ó bá a délé.

Orin tí ó kọ́kọ́ gbé jáde, "A Moment Like This", ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò borí. Kelly kọ ọ́ ní àṣekágbá ìdíje náà, Justin náà sì kọ ọ́. Bí ẹ̀wù tí aránṣọ ti rán sílẹ̀ kí ó tó mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni orin náà rí. A kò lè sọ pé kò bá a mu, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó fò láti ipò 52 sí ipò kìíní lórí àtẹ Billboard. Ẹgbẹ́ Beatles ni ó ti ń jẹ oyè irú ìfò bẹ́ẹ̀ láti 1964, nígbà tí orin wọn kan ti ipò 27 bọ́ sí ipò kìíní. Kelly gba oyè náà lọ́wọ́ wọn. Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Thankful, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2003, ipò kìíní ni òun náà bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, àdéhùn fà á wọ inú fíìmù From Justin to Kelly, tí kò wù ú láti ṣe. Fíìmù náà kò sì lérè. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tí ó borí ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ sí London, tí èsì sì jáde ní ọjọ́ kìíní ọdún 2004, Kurt Nilsen, ará Norway, ni ó ṣe ipò kìíní; Kelly ṣe ipò kejì. A kì í fini joyè Àwòdì kí a má lè gbádìẹ. Akọrin tí wọ́n ti dé ládé yìí ní láti wá orin tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Orin náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Because of You", orin tí ọmọ kan fi ń ròyìn ohun tí ìpínyà àwọn òbí ṣe fún ọkàn rẹ̀: bí ó ti kọ́ láti máa bẹ̀rù, tí kò sì lè finú tán ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Thankful, ó gbé orin náà wá. Wọn kò gbà á. Kò jù ú nù. Nígbà tí ó kan àwo kejì, Breakaway, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ó tún gbé e wá, òun pẹ̀lú Ben Moody àti David Hodges tún un ṣe, ó sì takú lé e títí tí wọ́n fi gbà. Inú àwo kan náà ni "Since U Been Gone" wà, èyí tí Max Martin àti Dr. Luke kọ. Orin tí àwọn ẹlòmíràn kọ wà níbẹ̀, orin ọgbẹ́ ọmọ náà wà níbẹ̀, méjèèjì sì tà. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àwo náà tà ju mílíọ̀nù 6 lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Kelly gba ẹ̀bùn Grammy 2. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ti inú ìdíje náà jáde tí ó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ní 2007, Reba McEntire, tí ó jẹ́ àgbà láàárín àwọn akọrin country, bá a kọ orin tí wọ́n ti kọ̀ nígbà kan yìí.

Àṣeyọrí yìí mú un rò pé ó ti tó àkókò tí wọn yóò fọkàn tán òun. Ní 2007 kan náà, ó ṣe àwo kẹta, My December. Kò sí orin kan nínú rẹ̀ tí kò lọ́wọ́ sí kíkọ rẹ̀. Ìbínú àti ìbànújẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ohùn gìtá inú rẹ̀ sì le. Clive Davis, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, kò fara mọ́ ọn pé irú orin bẹ́ẹ̀ yóò tà. Davis kì í ṣe òpè nídìí orin. Òun ni ó gba Whitney Houston wọlé nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì tọ́ ọ títí ó fi dá bírà. Kelly ní tòun, ọ̀rọ̀ inú òun ni òun kọ, bẹ́ẹ̀ ni òun sì fẹ́ kí ó jáde. Àríyànjiyàn náà dé inú ìwé ìròyìn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Kelly àti alámòójútó rẹ̀ pínyà. Wọ́n fagi lé ìrìn-àjò eré tí ó fẹ́ ṣe nítorí tíkẹ́ẹ̀tì kò tà tó. Àwo náà jáde, ó bọ́ sí ipò kejì, ṣùgbọ́n iye tí ó tà kò sún mọ́ ti Breakaway rárá.

Ta ni ó jàre? Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí sí ìjà olóòótọ́ àti òṣìkà ti ṣì í kà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Àgbà mọ ohun tí ó ń tà lọ́jà. Ọmọ mọ ibi tí bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀. Bí a bá fi owó wọn ọ̀rọ̀ náà, ti Davis ni ó ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi owó nìkan wọn "Because of You" ní 2003, orin náà ìbá kú sínú ìwé tí ọmọ náà kọ ọ́ sí.

Ní 2009, Kelly padà sí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ ń fẹ́, ó kéré tán ní apá kan. "My Life Would Suck Without You", tí àwọn ẹlòmíràn kọ, fò láti ipò 97 sí ipò kìíní, ó sì ju ìfò ti 2002 lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwo kan náà, All I Ever Wanted, ni "Already Gone" wà, tí òun àti Ryan Tedder jọ kọ. Ìlù rẹ̀ jọ ti "Halo" tí Beyoncé ti gbé jáde, èyí tí Tedder náà lọ́wọ́ sí. Kelly sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé e jáde lọ́tọ̀, kí aráyé má baà rò pé òun jí orin olórin. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò wọlé. Wọ́n gbé e jáde.

Àwo Stronger tẹ̀ lé e ní 2011. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ó gba ẹ̀bùn Grammy fún un, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn àwo orin pop tí ó dára jù lọ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù yẹn kan náà ni Davis gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde, tí ó sọ bí ọ̀rọ̀ òun àti Kelly ti rí lójú tirẹ̀. Kelly dáhùn ní gbangba pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní "Because of You" pàápàá, orin burúkú ni wọ́n pè é nígbà tí òun gbé e wá. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Piece by Piece, tí ó jáde ní 2015 tí ó sì bọ́ sí ipò kìíní, ni ó fi parí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú RCA. Orin tí ó fún àwo náà ní orúkọ ń sọ ti bàbá tí ó fi ọmọ sílẹ̀, ó sì ń yin ọkọ tí ó dúró ti ọmọ tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2016, Kelly wà nínú oyún nígbà tí ó padà sórí pèpéle American Idol láti kọ orin yìí. Kò tíì parí rẹ̀ tí ẹkún fi gbà á lóhùn. Ẹ̀dà orin náà tí wọ́n ṣe ní ìlànà alẹ́ ọjọ́ yẹn bọ́ sí ipò 8 lórí àtẹ. Orí pèpéle tí ó ti kọ orin tí wọ́n rán sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni tí ó bá borí, ibẹ̀ náà ni ó ti wá kọ ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀.

Ní 2016 ó bọ́ sí ilé-iṣẹ́ Atlantic, ó sì gbé Meaning of Life jáde ní 2017. Nígbà tí ó yá, ìgbéyàwó tirẹ̀ náà tú. Ilé-ẹjọ́ parí rẹ̀ ní 2022. Orin tí ó fi yin ọkọ wá di ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Akọrin mìíràn ìbá pa á tì. Ní 2023, ọdún tí àwo Chemistry jáde, nígbà tí ó ń ṣeré ní Las Vegas, ó yí ọ̀rọ̀ orin náà padà: ibi tí ó ti ń sọ pé ọkọ ni ó ṣa òun jọ, ó ní òun ni òun ṣa ara òun jọ. Ní 2025, ó gbé orin "Where Have You Been" jáde lábẹ́ High Road Records, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó gé ẹ̀wù fúnra rẹ̀ lọ sí Dallas ní 2002 tún padà di aránṣọ ara rẹ̀. Ó gbà á ní ohun tí ó lé ní ọdún 20.

Èyí kan àwọn tí ń kọ́ni àti àwọn tí ń múra ìdánwò. Ìwé ẹ̀rí dà bí adé. Ó ń ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ẹni tí ó gbà á yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nígbà tí ó bá wọlé. Ní 2018, Kelly jókòó sí ipò olùkọ́ nínú ìdíje mìíràn, The Voice; ọmọ ọdún 15 kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó sì borí. Ìdí ìṣòro rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yẹn. Bí ìtàn rẹ̀ sì ti gùn tó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí olùkọ́ kan dúró, tí ó gbọ́ ọmọ tí ń dá kọrin, tí kò sì pè é ní ariwo.