Ẹ̀rọ Ìgégi Tó Gba ti Jos

Ní ìhà Rayfield àti Bukuru, ẹni tó ra ilẹ̀ lè ra igi mọ́ ọn. Yukalípítọ́ọ̀sì, tí àwọn Haúsá ń pè ní turare, ló máa ń pọ̀ jù. Láti Ọsirélíà ni wọ́n ti mú un wá, ìjọba sì gbìn ín sórí ilẹ̀ tí àwọn awakùsà tíìnì ti hú kiri. Ó ga fíofío, ẹ̀ka rẹ̀ a sì máa já lulẹ̀ láìkéde. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ tèmi ti yọrí ju òrùlé aládùúgbò lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti àdá.

Nígbà tí mo wádìí ẹ̀rọ ìgégi lọ́wọ́ àwọn onípákó ní Ọjà Katako, Stihl 070 ni wọ́n ń yìn ṣáá. “Alhaji, ra èyí tó lágbára!” Èmi tí mi ò fẹsẹ̀ kan Mẹ́kà rí. Lóòótọ́, ẹ̀rọ Stihl yìí ni àwọn onígẹdú ń fi la ìtì igi di pákó káàkiri Nàìjíríà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ju 100 cc lọ, ó sì wúwo bí ọmọ ọdún kan tó sùn lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n èmi kì í la pákó. Ẹ̀ka ni mo fẹ́ gé, àti igi tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ẹ̀rọ 45 cc, tí irin tó gbé ṣéènì rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 16, tó ó ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 070 tí wọ́n gbé síwájú mi kò ní búréèkì. Bí apá òkè ṣóńṣó irin náà bá ṣèèṣì kan igi, ẹ̀rọ a ta padà sójú ẹni tó dì í mú. Búréèkì ló ń dá ṣéènì dúró kí ó tó débẹ̀. Mi ò bá wọn dúró nájà lórí ìyẹn.

Ayédèrú tún wà níbẹ̀. Láti 1926 ni Andreas Stihl ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jámánì, àwọn oníjìbìtì sì ń jí aṣọ rẹ̀ wọ̀, àwọ̀ ọsàn pẹ̀lú funfun, tòun torúkọ. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara irin ẹ́ńjìnì ni mo wò, mi ò wo páálí.

Níbi títò ẹ̀rọ gan-an ni Jos ti fi ara rẹ̀ hàn. Ìlú yìí ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n tò fún Èkó yóò máa mu epo ju èyí tó yẹ afẹ́fẹ́ ibí lọ: èéfín, púlọ́ọ̀gì dúdú, agbára kò sí. Èèyàn a rọra yí síkúrù H lára kàbúrétọ̀ sápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, kí epo dínkù. Àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń bi mí pé ìgbà wo ni màá gbé e wá fún òun. Mo ní kó kọ́kọ́ ṣèlérí pé òun yóò dá síkúrù yẹn padà, torí inú epo ni ọ́ìlì tó ń ṣọ́ písítìn wà. Tí epo bá kéré, písítìn á jó.

Ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọn ọ́ìlì yẹn. Lítà epo 5, ọ́ìlì ojúlówó mìlílítà 100: ohun tí ìwé ẹ̀rọ tèmi sọ nìyẹn. Fún ṣéènì, wọ́n ní kí n lo ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ḿ. Mo kọ̀, èérún irin inú rẹ̀ ń ba pọ́ǹpù jẹ́. Nígbà ọyẹ́, ọ́ìlì tó bá ki kì í tètè ṣàn. Mo máa ń na ṣóńṣó irin sí ojú páálí, kí n tẹ iná. Bí ọ́ìlì kò bá fọ́n ìlà síbẹ̀, mi ò ní gé nǹkan kan. Tí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń dẹ ṣéènì díẹ̀, torí gbígbóná ló fi gùn, òtútù alẹ́ á sì fà á wọlé.

Igi tó fara ti òrùlé aládùúgbò, àwọn agégi tó ní okùn ni mo san owó fún. Ìgbà tó wà nílẹ̀ tán ni mo tó tan ẹ̀rọ tèmi. Àwọn obìnrin tó ń pọn búrùkútù ládùúgbò ti ra gbogbo ẹ̀ka náà, wọ́n sì ń béèrè òmíràn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọdún díẹ̀; kùkùté yukalípítọ́ọ̀sì máa ń hù padà.