A lọ wo erin ní Yankari

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n kọ díẹ̀ nípa ìrìn tí àwa ẹbí mẹ́fà rìn lọ sí Yankari ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbé Òkè Ọya yìí láti ogún ọdún, wọn kò sì tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Yankari kì í ṣe ọgbà tí wọ́n ti ẹranko mọ́ inú àgò. Igbó gidi ni, ó tó 2,244 kìlómítà níbùú lóòró. Ẹranko ni onílé, àwa tí a wà nínú mọ́tò ni àlejò. Mínísítà kan ní ìjọba Àríwá, Alhaji Muhammadu Ngeleruma, ni ó rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Sudan tí ó sì wù ú. Ìjọba fi ọwọ́ sí i ní 1956, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kejìlá 1962. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní 1991, ó tún padà sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Bauchi ní 2006.

Erin ni ó gbé wa lọ. Kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ẹnìkan kì í sọ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àwọn tí ó ti fi ojú ara wọn rí erin nawọ́ sókè, ọwọ́ mélòó ni yóò lọ sókè? Nílé lọ́hùn-ún, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù, wọ́n fara pamọ́ sínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Yankari ni wọ́n pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà.

Bàbá Gáàdì ni àgbà jù nínú wa. Bàbá wọ iṣẹ́ rélùwéè ní 1971, wọ́n sì bá ọkọ̀ lọ, wọ́n bá a bọ̀, lójú irin Kuru sí Maiduguri, èyí tí ó dé Bauchi wa yìí ní 1961, tí ó sì dé Maiduguri ní 1964. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọn kò rí erin kan, nítorí rélùwéè kì í dúró nínú igbó. Ojú Bàbá ti ń ṣú báyìí. Ọ̀kan ti lọ, èkejì ni dókítà ń tọ́jú. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ní ìpàdé oṣù kejì pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n rí erin kí ilẹ̀ tó ṣú.” Gbogbo wa mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń wí.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni a gbéra. A gba ọ̀nà Gombe, a yà ní Dindima. Àwọn ìyá ti dáná mọ́jú: ìrẹsì, dòdò, ẹyin sísè, mọ́ínmọ́ín eléwé. Ẹ gbọ́, àwọn ìnàkí Wikki kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni! Bí a ti gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ọ̀kan ti já mọ́ínmọ́ín mẹ́ta gbà, ó gun orí mọ́tò, ó jókòó, ó ń tú ewé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ tí a bí sí Ìbàdàn.

Omi Wikki fúnra rẹ̀ ju ohun tí ẹnu mi lè ròyìn. Abẹ́ àpáta ni ó ti ń sun, ó mọ́ gaara, a ń rí yanrìn nísàlẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ní ọ̀sán àti ní òru, kò sì sí ẹni tí ó dáná sí i. Àwọn ọmọ kò fẹ́ jáde níbẹ̀ mọ́. Àwọn ihò àpáta 59 tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ láti máa gbé tún wà nínú igbó náà, ṣùgbọ́n àyè kò gbà wá.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, a wọ ọkọ̀ ọgbà pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ igbó kan. Ìmàdò ni a kọ́kọ́ rí, wọ́n ń sáré, ìrù wọn nàró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà ni ẹtu. “Gada! Gada!” ni àwọn ọmọ ń ké. Ọmọ mẹ́rìnlá ni a kó lọ, kò sí ọ̀kan tí ó pè é ní ẹtu. Ìyàwó mi wò mí, èmi náà wò ó.

A dúró sí ẹ̀bá odò Gaji, nítorí ibẹ̀ ni erin ń wá mumi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wákàtí kan kọjá, a kò rí nǹkan kan. Dẹ́rẹ́bà ní àkókò ti tó. Bàbá ní kí ó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Kò pẹ́, igi ń ṣẹ́ lápá òdìkejì, wọ́n sì yọ. Mo ka mọ́kànlá. Gbogbo ọkọ̀ pa rọ́rọ́.

Bàbá ní, “Mo ń gbọ́ wọn. Kí ni wọ́n ń ṣe?” Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó jókòó tì wọ́n. Ó ní, “Bàbá, giwa! Suna shan ruwa!” Bàbá ní, “Fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi, ìyá mi.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Erin… erin ń mu omi. Ó ń fi imú fa omi sẹ́nu.”

“Ọwọ́jà ni à ń pè é.”

“Ó ń fi ọwọ́jà fa omi sẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Òmíràn ń da yanrìn sára.”

Bàbá bèèrè bí eyín wọn ti gùn tó. Ó ní èyí tí ó wà lẹ́bàá igi, ẹyọ kan ni ó ní. Ẹ̀ṣọ́ igbó rọra sọ fún wa pé nítorí eyín yìí ni àwọn olè ọdẹ ṣe ń pa wọ́n, òun náà sì ti fi òru púpọ̀ ṣọ́ wọn. Ọ̀kan tí ó tóbi rékọjá níwájú ọkọ̀ wa. Bàbá dìde, wọ́n di irin ọkọ̀ mú, wọ́n ní, “Mo rí i. Ó dúdú, ó tó ilé.” Mo ń retí kí wọ́n pa òwe tí wọ́n máa ń pa. Wọn kò pa á.

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó dá owó iṣẹ́ abẹ ojú wọn. Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ lọ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí omi bá tún ń gbẹ nínú igbó, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Àwọn ìyá ní kí olúkúlùkù mú abọ́ onídèérí tí ó le dání.